Bàtà Ọmọ-ogun Amọ̀ Ló Sọ Mí Nù

Bàtà niṣẹ́ mi. Mò ń rán an, mo sì ń tà á. Òun náà ló gbé mi dé Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí mo ti lọ ra awọ, gọ́ọ̀mù àti àtẹ́lẹ̀ bàtà. Nígbà tí ẹrù wọ kọ̀ǹténà tán, Alájì tí a jọ rìn ní àwa ò ní padà sílé láìrí àwọn ọmọ-ogun amọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Bí a ṣe wọ rélùwéè alásáré lọ sí Xi'an nìyẹn, tí a sanwó fún àwọn tó ń mú èèyàn káàkiri.

Ọmọbìnrin tó ń ṣamọ̀nà wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ó fi bèbí panda kan sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó fún kálukú ní ẹ̀rọ kékeré tí a óò máa fi gbọ́ ohùn rẹ̀ létí, ó ní, "Ẹ má wo èmi o, panda ni kí ẹ máa wò."

Alájì yíjú sí mi. "Ṣé o gbọ́? Ìwọ tí o máa ń wolẹ̀ rìn."

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ń ná Ìdúmọ̀tà láti kékeré, ibo ni mo tún fẹ́ sọnù sí?

Kòtò kìíní la kọ́kọ́ wọ̀. Ká sòótọ́, ẹnu mi ò padé. 230 mítà ni gígùn rẹ̀, 62 ni ìbú. Àwọn ọmọ-ogun tò lọ rẹrẹẹrẹ bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de gbàdúrà àárọ̀; àwọn kan ò lórí, àwọn kan ò lápá. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga ló bá wọn pàdé ní 1974. (Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa ní Ifẹ̀ ní 1938: ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n ń gbẹ́ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ tí orí idẹ fi yọ.) Qin Shi Huang, ọba tó so ilẹ̀ Ṣáínà pọ̀ ní 221 ṣáájú ìbí Jésù, ló ní kí wọ́n mọ wọ́n kí wọ́n lè máa ṣọ́ òun ní sàréè. Wọ́n ṣírò wọn sí nǹkan bí 8,000, wọ́n ní ojú ọ̀kan ò jọ ti èkejì.

Alájì nawọ́ sí ọ̀kan. "Wò ó, onílé rẹ nìyẹn."

Mo wò ó. Kò parọ́. Ó tiẹ̀ fún ètè pọ̀ bíi pé oṣù ti parí.

Kòtò kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé tafàtafà kan tó fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sínú gíláàsì níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń yà ní fọ́tò. Èmi gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Bó ṣe kúnlẹ̀, àtẹ́lẹ̀ bàtà rẹ̀ kan yọ síta, ẹni tó mọ ọ́n sì to ojú abẹ́rẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan! Ó ki níwájú, ó ki ní gìgísẹ̀, ó fọ́nká láàárín. Ẹni tí kì í ṣe aránbàtà lè má mọ ohun tí mò ń sọ. Iwájú àti gìgísẹ̀ ló máa ń tètè jẹ, ibẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ rán kó ki. Bàtà amọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀, tí wọ́n máa bò mọ́lẹ̀, oníṣẹ́ ọ̀hún ò rẹ́ ẹ jẹ. Mo rántí ọmọṣẹ́ mi kan tó máa ń fi gọ́ọ̀mù lásán lẹ bàtà oníbàárà. Mo bẹ̀rẹ̀, mò ń ka ojú abẹ́rẹ́, mo ya fọ́tò mọ́kànlá kí n lè fi hàn án.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, panda ti lọ.

Ẹ̀rọ etí mi ń ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́, ohùn obìnrin kan wá wọlé, Ṣáínà ló ń sọ. Mo rò pé ó ń bá ẹlòmíràn jà. Àfi bí mo ṣe rí panda lókè orí èrò, tó ń mì lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré tẹ̀ lé e. Mo gbàgbé pé bèbí panda ò wọ́n ní Ṣáínà.

A rìn títí, a gba àárín àwọn tó ń ta ọmọ-ogun amọ̀ kéékèèké kọjá. Mo ṣàkíyèsí pé gbogbo ẹni tó yí mi ká ti darúgbó, kálukú sì gbé fúláásìkì omi gbígbóná dání. Mo ní ìrìn yìí mà ń tètè sọ èèyàn di àgbà o. Ìyá kan na ẹyin sísè méjì sí mi. Ṣáínà tí mo gbọ́ ò ju ti ọjà lọ: "duoshao qian", èyíinì ni èló, "tai gui le", ó ti wọ́n jù. Kí n má bàa dákẹ́, mo ní, "Duoshao qian?" Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n fà mí sáàárín, wọ́n ya fọ́tò, bàbá kan gbé apá lé mi léjìká bí àna.

Inú bọ́ọ̀sì lara ti fu mí. Ìjókòó tiwa pupa, èyí búlúù. Olùṣamọ̀nà wọn ń ka orí. Ó kà, ó tún un kà. Níbi gbogbo láyé, èèyàn ló máa ń dín; tiwọn lé. Èmi dúdú kan ṣoṣo jókòó sáàárín àwọn arúgbó Ṣáínà, mò ń bó ẹyin, ó ṣì ń wá ẹni tó lé! Nígbà tó kà á dé ẹ̀ẹ̀kẹta, ó dúró níwájú mi, ó bi mí ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, èyí tó kù lẹ́nu mi ló jáde:

"Tai gui le."

Ó fà mí lọ́wọ́ bí ọmọ jẹ́léósinmi padà sẹ́nu ọ̀nà. Alájì ti wà níbẹ̀, ó kawọ́ lérí.

"Àwọn 8,000 dúró síbẹ̀ láti ọdún tó lé ní 2,200, ọ̀kan ò sọnù. Ìwọ, wákàtí kan péré!"

"Alájì, ẹ máà bínú. Bàtà ni mò ń wò."

"Bàtà! O dé ibí yìí tán, bàtà lo tún ń wò!"

Mo na ẹyin tó kù sí i. Ó gbà á.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a lọ sórí odi ìlú Xi'an, ọmọbìnrin yẹn ò bá mi fa ọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀pá panda lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa lọ níwájú kí òun lè máa rí mi. Mo gbé e sókè, mò ń yan. Nígbà tó yá, Alájì fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Wo ẹ̀yìn rẹ."

Àwọn ìyá mẹ́ta tí a ò mọ̀ rí, tàwọn ti fúláásìkì lọ́wọ́, ni wọ́n ń tẹ̀ lé mi.