Kọ́míìkì kátúùnù àtijọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí kíkó wọn jọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bí èèyàn ṣe ń kó kọ́míìkì kátúùnù àtijọ́ jọ, ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀ rèé: kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Amẹ́ríkà ni mo ń gbé, ti Hanna-Barbera, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kátúùnù tẹlifíṣàn, ni mo sì fẹ́ràn jù: The Flintstones, Yogi Bear, Huckleberry Hound. Ọmọdé ni wọ́n tẹ àwọn ìwé yìí fún, àwọn ọmọdé náà sì lò wọ́n dáadáa. Wọ́n ká a sápò, wọ́n fi kíréyọ́ọ̀nù kùn ún, wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ara ìpolówó kí wọ́n lè fi béèrè ohun ìṣeré. Ìdí nìyẹn tí èèpo iwájú fi lè máa dán, kí ìtàn inú rẹ̀ sì ti já, torí ohun tí wọ́n gé lójú kan, wọ́n gé e lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo àárín gan-an. Bí irin tí wọ́n fi dè é bá ti dípẹtà, bébà àárín kì í pẹ́ yọ.

Nọ́ńbà tó wà lára ìwé kọ̀ọ̀kan ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Western Publishing, tó wà ní Racine ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló ń ṣe àwọn ìwé náà, ilé iṣẹ́ Dell sì ń gbé e jáde. Ní 1962 wọ́n pínyà, Western dá Gold Key tirẹ̀ sílẹ̀ láti máa fi gbé ìwé jáde. Wọn kò tún Flintstones kà láti ìbẹ̀rẹ̀: Dell dúró sí 6, Gold Key gbà á ní 7. Nínú ọ̀wọ́ Flintstones yìí, kò sí nọ́ńbà 1 ti Gold Key. Ilé iṣẹ́ Charlton ti Derby ní Connecticut, tó gba iṣẹ́ náà ní 1970, ló ka tirẹ̀ láti 1. Bí ẹnì kan bá ń torí "nọ́ńbà 1" pe owó gọbọi, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lára èèpo.

Ti Gold Key tún ní nọ́ńbà wínníwínní kan níwájú. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ìgbà tó jáde: 210 ni oṣù kẹwàá 1962, torí 2 ló parí ọdún, 10 sì ni oṣù. Ó lè jẹ́ 1972 náà, iye owó ló máa yanjú ìyẹn, torí sẹ́ǹtì 12 ni ti 1962, sẹ́ǹtì 15 ni ti 1972.

Ní tèmi, ti Western ni mo ń wá, nítorí ayàwòrán wọn, Harvey Eisenberg. Wọn kì í kọ orúkọ ayàwòrán sínú ìwé wọ̀nyẹn, ojú ni èèyàn fi ń dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó kú ní 1965. Bí Yogi bá ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ síbi apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ, ẹ máa rí bí ara béárì náà ṣe wúwo tó lórí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo lè ra èyí tí èèpo rẹ̀ ti ya nítorí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, bí inú rẹ̀ bá ṣáà pé.

Bébà olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ásíìdì inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú tó sì ń fọ́. Oòrùn àti ọ̀rinrin ń mú un yá. Ọ̀rá Mylar àti páálí tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi tọ́jú rẹ̀, kí ẹ tò ó lóòró sínú àpótí, nínú yàrá tí ẹ ń gbé, kì í ṣe lókè àjà tàbí nínú yàrá abẹ́ ilé. Bó bá ya, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń wọnú bébà, kò sì ṣeé yọ mọ́.