Orúkọ Macaulay tí à ń jẹ́, àti ohun tí ojú wa rí níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́

Ẹ̀yin ọmọ Sàró, tí baba yín ti Sierra Leone padà wálé, tí ẹ ń jẹ́ Macaulay, Coker, Cole, Pratt, Savage, Davies, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò wá bí a bá dárúkọ ilé bàbá wa. Wọ́n á ní, "Ṣé òyìnbó ni bàbá yín ni?" A ó rẹ́rìn-ín, a ó kọjá. Ti Sátidé tó kọjá yìí kò ṣe é rẹ́rìn-ín sí, inú mi ò sì tíì rọ̀ bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Àbúrò mi ọkùnrin la lọ bá tọrọ ìyàwó. Bàbá wa ti dolóògbé, nítorí náà ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ṣáájú wa. Alága wa mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Àbúrò mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí alága ṣe ní "ìdílé Macaulay ló wá kí yín," bàbá àgbà kan nínú àwọn ẹbí ìyàwó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dúró ná. Ìlú wo ni wọ́n ti ń jẹ́ Macaulay nílẹ̀ Yorùbá?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ní òun kò ṣàwàdà, ọmọ àwọn ni àwọn fẹ́ fà lé wa lọ́wọ́. Ta ló bí bàbá tó bí bàbá wa? Kí ni oríkì ilé wa? Màmá ní ará Èkó ni wá. Bàbá ní Èkó kì í ṣe orísun, gbogbo ayé ló ń gbé Èkó. Alága yíjú sí wa pé kí ẹnì kan ki ìdílé wa. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wo mí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. Ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà náà ni obìnrin kan lẹ́yìn sọ̀rọ̀ tí kò pariwo, ṣùgbọ́n tí gbogbo wa gbọ́: "Àwọn ọmọ ẹrú tí òyìnbó sọ lórúkọ nìyẹn."

Àbúrò mi ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Màmá, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ń tún un ṣe láìsí ohun tó ṣe gèlè náà, omijé sì ń bọ́ sórí aṣọ òfì tí wọ́n torí ọjọ́ náà hun. Mo ti rí Màmá níbi ìsìnkú bàbá mi, wọn ò sunkún báyìí.

Wọ́n ti wá bẹ Màmá lẹ́yìn náà, ẹbí méjèèjì ti tún pàdé, wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dáhùn ọ̀rọ̀ "ọmọ ẹrú" yẹn. Lẹ́yìn tí òfin 1807 ti ka òwò ẹrú léèwọ̀ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun ojú omi wọn ń mú ọkọ̀ akẹ́rú lójú òkun, wọ́n sì ń sọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kalẹ̀ ní Freetown, ní Sierra Leone. Ogun ló kó àwọn baba wa. Wọn ò dé oko ìrèké ẹnikẹ́ni. Àjàyí tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821 ni ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Orúkọ àlùfáà kan ní London ni Crowther tó gbà. Bó ṣe wọlé sára rẹ̀ ni Macaulay ṣe wọlé sára tiwa.

Zachary Macaulay ni Macaulay tí wọ́n ń wí nígbà yẹn. Inveraray ní Scotland ni wọ́n bí i sí ní 1768. Wọ́n rán an lọ sí Jamaica ní ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ṣiṣẹ́ lóko ìrèké, ó fi ojú ara rẹ̀ rí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn ẹrú, ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù bá òwò náà jà. Ó ṣe gómìnà ní Sierra Leone láti 1794 dé 1799. Ilé iṣẹ́ òwò Macaulay àti Babington wà ní Freetown, ìbátan rẹ̀ kan, Kenneth Macaulay, náà di èèkàn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi gba Freetown kan, tó sì bá àwọn tó padà wálé dé Èkó àti Abẹ́òkúta. Thomas Babington Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kissy ni. Orúkọ tó ń jẹ́ ni ọmọ Zachary tó jẹ́ òpìtàn ń jẹ́. Thomas ti Èkó yìí ló bí Herbert Macaulay ní 1864, ìyá Herbert sì jẹ́ ọmọ Crowther. (A kì í ṣe ọmọ Herbert o. Mo ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé òkìkí ni mo ń wá.)

Ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀ gan-an ló pẹ̀tù sí mi lọ́kàn. Àwọn baba Zachary wá láti Uig, ní erékùṣù Lewis, níbi tí Macaulay ti pọ̀ títí dòní. Ọmọ Olaf ni orúkọ wọn túmọ̀ sí, Olaf kì í sì í ṣe orúkọ ilẹ̀ Scotland rárá. Orúkọ àwọn ará Norway ni. Àwọn ọba Norway ló ni àwọn erékùṣù yẹn kí àdéhùn Perth tó fà wọ́n lé Scotland lọ́wọ́ ní 1266. Macaulay mìíràn tún wà ní Ardincaple, lápá Dumbarton, orúkọ mìíràn ni tiwọn ti wá, wọn kò bá ti Lewis tan. Ẹ gbọ́ mi: àwọn tó ni orúkọ yìí ní Scotland, àjèjì ló wà nínú orúkọ wọn, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ láì bojú wẹ̀yìn. Kí ló dé tí èmi yóò fi máa bojú? Kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún mi pé ká yí i padà. Màmá bàbá mi ń jẹ́ ẹ, orúkọ náà ló wà lórí ibojì wọn.

Nítorí náà, ẹ má torí orúkọ tijú. Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹni tó ń jẹ́ ẹ ló bá yín tan, nílé tàbí ní Scotland. Ẹ mọ ìtàn rẹ̀ kí ẹ tó jókòó síwájú àna.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń torí rẹ̀ kọ̀wé ni pé kí ẹ lọ bá àgbà ilé yín báyìí. Báyìí! Bí Màmá ṣe dákẹ́ níbẹ̀, àwọn náà kò mọ̀ ọ́n ni. Àbúrò bàbá-ńlá wa kan ní Yábàá, tí a kì í sábà lọ kí, ni a wá bá. Kí n tó béèrè tán ni wọ́n ti ń kì í: ọmọ Ajíbósìn, ọmọ Òwu. Òwu ni wá! Ogun tó fọ́ Òwu ló kó baba wa. Mo bú sẹ́kún nínú pálọ̀ wọn. Ó wà lẹ́nu ènìyàn kan ṣoṣo, ẹni náà sì ti darúgbó kùjọ́kùjọ́.

Ẹ béèrè ìlú. Ẹ béèrè agboolé àti èèwọ̀ ilé. Ẹ béèrè abúlé tí wọ́n gbé ní Sierra Leone, ìjọ tí wọ́n ti ṣèrìbọmi, àti orúkọ Yorùbá ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ Macaulay tàbí Cole tàbí Pratt. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì, ẹ tan fóònù, ẹ gbà á sílẹ̀, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.