Ohun tí àdéhùn 1707 kò gbà lọ́wọ́ wọn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Glasgow.

Bank of Scotland ni wọ́n kọ sára owó bébà tí wọ́n fi ṣe ṣéńjì fún mi lónìí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tlándì ló dá báńkì yẹn sílẹ̀ ní 1695, ọdún méjìlá kí ilé ìgbìmọ̀ náà tó dìbò fòpin sí ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi.

Ní oṣù kìíní 1707, aṣòfin 110 fọwọ́ sí àdéhùn pé kí Skọ́tlándì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ìjọba kan, 67 kọ̀. Owó rẹpẹtẹ àwọn ará Skọ́tlándì ti ṣòfò sí Darien, ibi tí wọ́n lọ tẹ̀ dó sí ní Panama, tí àìsàn, ebi àti àwọn ará Sípéènì fi lé wọn dànù ní 1700. Àdéhùn náà mú nǹkan bí 398,000 pọ́n-ùn wá, inú rẹ̀ ni wọ́n ti san owó padà fún àwọn tó pàdánù. Àwọn mẹ̀kúnnù fárígá ní Edinburgh àti níbí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Síbẹ̀, àwọn aṣòfin tiwọn ló dìbò. Ní 1914 tí Lugard so tiwa pọ̀, ta ló bi wá?

Ilé ẹjọ́ àti òfin wọn kò bá àdéhùn lọ. Ìjọ Presbyterian wọn kò lọ, ilé ẹ̀kọ́ wọn náà kò lọ. Fún ọdún 292 tí wọn kò fi ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn, títí Holyrood, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tuntun, fi bẹ̀rẹ̀ ní 1999, adájọ́, àlùfáà àti tíṣà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹni tí wọ́n jẹ́. Àwọn kan sọ pé ìkórìíra Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló mú wọn dúró. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Apá kan wà tó ń dùn mí. Ìṣọ̀kan yẹn ló ṣílẹ̀kùn òwò Amẹ́ríkà fún Glasgow. Oníṣòwò tábà ló ni orúkọ tí títì Buchanan ń jẹ́, àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì ń gbin tábà ọ̀hún ní Virginia. Ìyẹn náà wà lára ohun tó sọ ìlú yìí di ohun tó jẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀.

Ní 2014 tí wọ́n dìbò lórí òmìnira, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Skọ́tlándì sọ pé kí àwọn má kúrò lára Bìrìtéènì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Skọ́tlándì fẹ́ dúró sínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì borí tiwọn. Níbi iṣẹ́, mo mọ ẹni tó dìbò pé kí àwọn kúrò lára Bìrìtéènì, mo mọ ẹni tó ní kí àwọn dúró. Bí ẹ bá bi wọ́n pé ọmọ ibo ni wọ́n, Skọ́tlándì ni àwọn méjèèjì máa kọ́kọ́ dárúkọ.