Ìgò mẹ́fà tó dójú tì mí níwájú àna wa

Sátidé tó kọjá la ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi obìnrin níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Òyìnbó ni ìdílé ọkọ, vegan sì ni ìyá ọkọ: kò sí ẹran, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí wàrà. A sì gbìyànjú. Ẹ̀fọ́ ò ní edé, kò ní panla. Mọ́ínmọ́ín ò ní ẹyin. Èmi tí mo ti ń ta wáìnì láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni wọ́n fa ọtí lé lọ́wọ́, mo sì ra ìgò wáìnì pupa mẹ́fà tí wọ́n kọ "organic" gàdàgbà sí lára.

Ìyá náà gba ife, kò tíì fi kan ẹnu. Ó yí ìgò padà, ó kà á tán, ó fa fóònù yọ. Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Ó bá ìwé àlàyé tí àwọn tó ṣe ọtí náà fúnra wọn gbé jáde: "Collage: gélatine", ìyẹn ni pé jẹ́látíìnì ni wọ́n fi mú kí ọtí náà tòrò. Ó rọra gbé ife kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ínmọ́ín tí kò lẹ́yin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n má ṣèyọnu. Ì bá sàn kó bú mi. Jẹ́látíìnì, ẹ jọ̀ọ́, awọ àti eegun ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù ni wọ́n máa ń sè kó tó di jẹ́látíìnì. A bu omi ọsàn fún un, ọjọ́ náà sì lọ.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ní irú àna bẹ́ẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá nìyí. Wáìnì tuntun máa ń rú. Ti pupa tún ní tánìn, ohun tó ń fún ẹnu pọ̀ bí ìgbà téèyàn jẹ obì. Kó lè tòrò, kí ẹnu rẹ̀ sì rọ̀, wọ́n á da purotéènì sí i, yóò so mọ́ tánìn, méjèèjì á jọ rì sísàlẹ̀, wọ́n á wá fa ọtí tó mọ́ kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. (Ẹmu tiwa ò mọ wàhálà yìí. Kò sẹ́ni tó ní kó tòrò, kòkòrò tó bọ́ sí i nìkan la ń sẹ́.)

Ní Bordeaux, ní ilẹ̀ Faransé, funfun ẹyin ni wọ́n ti ń lò tipẹ́: ẹyin 5 tàbí 6 fún àgbá lítà 225. Wọ́n á pò ó pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ láìjẹ́ kó hó, wọ́n á rò ó mọ́ ọtí, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún bí oṣù kan. Nítorí náà, ẹ má rò pé owó gọbọi máa yọ yín. Ìgò olówó ńlá gan-an ló sábà ń rí ẹyin. Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja àti purotéènì wàrà wà níbẹ̀ náà, àmọ́ wáìnì funfun ni wọ́n sábà ń fi wọ́n ṣe. Fún pupa, ẹyin àti jẹ́látíìnì ni kí ẹ ṣọ́.

Jẹ́látíìnì ló burú jù, torí pé kò sí òfin tó ní kí wọ́n kọ ọ́. Láti 2012, ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí ẹyin tàbí wàrà bá ṣẹ́kù nínú ọtí dé ìwọ̀n tí àyẹ̀wò lè rí, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára ìgò nítorí àwọn tí ara wọn kì í gbà á. Jẹ́látíìnì ò sí nínú ìyẹn. Níbẹ̀ kan náà, wáìnì tí wọ́n ṣe láti December 8, 2023 gbọ́dọ̀ fi èròjà rẹ̀ hàn, àmì QR tí fóònù ń kà ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ ó yà á wò, ẹ ó rí àjàrà, ẹ ó rí sulphites (ohun tí kì í jẹ́ kí ọtí bàjẹ́), inú yín á dùn. Kò tíì tó o. Irinṣẹ́ iṣẹ́ ni òfin ka ohun tí wọ́n fi tòrò ọtí sí, kì í kà á sí èròjà, kò sì ní hàn níbẹ̀, àfi ẹyin tàbí wàrà tó bá ṣẹ́kù. Pé ìgò dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó mọ́. Ohun tó ṣe mí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Mo mọ̀. Ìkánjú ló mú mi.

"Organic" ń sọ bí wọ́n ṣe gbin àjàrà àti àwọn oògùn tí wọn ò lò. Òfin organic gba ẹyin àti jẹ́látíìnì láyè. "Unfiltered" (wọn ò sẹ́ ẹ) náà kì í ṣe ẹ̀rí: wọ́n lè fi ẹyin tòrò ọtí kí wọ́n má sẹ́ ẹ rárá. "Unfined" (wọn ò fi nǹkan kan tòrò rẹ̀) ni kí ẹ wá, tàbí "non collé" lára ti Faransé. Bí ẹ bá rí àmì V-Label tí wọ́n kọ "vegan" sí (ti "vegetarian" lè ní ẹyin), tàbí àmì Vegan Society tó ní òdòdó lórí, tàbí "suitable for vegans" lẹ́yìn ìgò, ẹ mú un.

Bí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é, ẹ sì dárúkọ ọdún tó wà lára ìgò, torí ohun tí wọ́n lò lọ́dún kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìbéèrè kan péré: kí lẹ fi tòrò rẹ̀? "A ò lo nǹkan kan" dáa. Purotéènì green peas tàbí ti pòtétò dáa. Amọ̀ bentonite náà dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́pọ̀ jù nínú wáìnì funfun. Bí wọ́n bá ní "ọ̀nà ìbílẹ̀ ni", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyin ni wọ́n ń sọ.

Ìgò tí wọn ò tòrò lè ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Kò bàjẹ́. Ẹ gbé e dúró fún ọjọ́ kan gbáko, kí ẹ rọra dà á níbi tí iná ń tàn sí ọrùn rẹ̀, kí ẹ dáwọ́ dúró tí ẹ bá ti rí i pé dúdú ń bọ̀. Tí ó bá jẹ́ ìda ni wọ́n fi dé orí ìgò, ẹ tún bi wọ́n, ó lè jẹ́ ìda oyin.

Ìgbéyàwó ku oṣù méjì. Ìgò 12 tí wọ́n fi green peas tòrò ti wà nílé. Kéèkì ló kù. Àǹtí wa tó fẹ́ ṣe é ṣì ń sọ pé bọ́tà díẹ̀ ò lè pa ẹnikẹ́ni lára.