Ẹ̀rù Ń Bà Mí, Mo Ṣì Ń Lọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹni tó bá sọ fún yín pé onígbàgbọ́ kì í bẹ̀rù, bóyá ilé bàbá rẹ̀ jìnnà síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn ni o. Ìlọrin ni mo ti ń ránṣọ, àmọ́ ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ibẹ̀ làwọn òbí mi wà títí dòní. Látìgbà tí àwọn agbébọn ti ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC Òkè Ìṣẹ́gun ní ìlú Eruku, ní Kwara, ní oṣù November 2025, tí wọ́n pa èèyàn, tí wọ́n sì kó èèyàn 38 lọ nínú ìsìn, ara mi kì í lélẹ̀ bọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ ariwo ọ̀kadà lóru. Eruku ò jìnnà sí wa. Ìsìn yẹn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nígbà tí ìbọn dún, gbogbo wa la wò ó. Ọlọ́run ṣé e, àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ṣùgbọ́n oorun tiwa ò tíì padà.

Ibi Orin Dáfídì 56 ni mo dì mú. Dáfídì wà lọ́wọ́ àwọn Fílístínì ní Gátì, kò sì ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ò lè bà, ó ní "nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, èmi ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ." Ẹ̀rù ń bà á o, ó ṣáà ń gbẹ́kẹ̀ lé e lọ ni. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, pé mi ò ní dúró dìgbà tí àyà mi bá balẹ̀ kí n tó gbàdúrà, bí ohùn mi ṣe ń gbọ̀n náà ni mo fi ń gbà á.

Nígbà tí ìjọ wa nílé ní àwọn fẹ́ gbé ìṣọ́ òru sí ọ̀sán, wàhálà dé. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà bínú pé ṣé Ọlọ́run ò lágbára lóru mọ́ ni. Màámi dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, Pọ́ọ̀lù tí wọ́n fi agbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ lára odi Dámásíkù ńkọ́, òun náà ò nígbàgbọ́ ni?" Bàbá ò fèsì. Nehemáyà náà gbàdúrà, ó sì tún yan ẹ̀ṣọ́ tọ̀sán tòru, ẹ lọ ka orí 4. Èmi ò rí ibi tí Bíbélì ti ní ká máa dán ìbọn wò.

Ti àìrówóná tún wà ńbẹ̀. Bàámi ò lè dé oko ẹ̀gẹ́ wọn tó wà lọ́ọ̀ọ́kán mọ́, gààrì tó máa ń ti ilé wá bá mi, Ọjà Ìpàtà ni mo ti ń rà á báyìí, àwọn kọ́sítọ́mà náà sì ń sọ pé "tí nǹkan bá rọ̀ díẹ̀, màá gbé aṣọ wá." Irú àsìkò báyìí làwọn kan máa ń gbé òróró ààbò wá tà. Ẹ má ra nǹkan kan o! Ẹni tó ń fi ẹ̀rù yín gba owó lọ́wọ́ yín, ìyẹn ò yàtọ̀ sí ẹni tó wà nínú igbó.

Alhaja tá a jọ ń gbé kọ́ńpáàǹdì, kò sírọ̀lẹ́ tí kò ní kan ilẹ̀kùn mi, "Ìyá Tòmíwá, ẹ ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ lónìí?" Tí mo bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e, á jókòó tì mí títí fóònù á fi wọlé. Mi ò mọ bí ǹ bá ṣe ṣe é láìsí ìyá yẹn.

Fóìsì nóòtì WhatsApp tó bá wọlé lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, mi ò kì í gbọ́ ọ mọ́, ó di àárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlọrin tẹ́ ẹ ní òbí nílé, ẹ má kàn máa tẹ "Ọlọ́run á ṣọ́ yín" ránṣẹ́ o, àwọn fìjílàntè wa ń wá owó epo ọ̀kadà àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi nǹkan sí i.