Àyẹ̀wò ọdún 2005: ẹ̀yìn ọkùnrin kan

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọdún tún ti ń lọ. Iṣẹ́ tuntun tí mo ń wá, n kò rí i. Ilé tí mo ní mo máa kùn, bẹ́ẹ̀ náà ló wà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì, mo kó owó tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́ta, mo gba Ṣáínà lọ, mo lọ ya àwòrán rélùwéè eléèédú tó ń kó ẹrù.

Jitong ni ojú irin náà ń jẹ́, ní ẹkùn Inner Mongolia. Láti Jining dé Tongliao, ó lé ní kìlómítà 900. Ọdún 1995 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí àwọn ojú irin yòókù ń pa tì ni wọ́n kó wá síbẹ̀! QJ ni wọ́n ń pè é. Lórí òkè Jingpeng, méjì ni wọ́n ń so pọ̀ kí ẹrù tó lè gòkè. Ojú irin ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára òkè, nítorí náà ẹ ó gbọ́ wọn, ẹ ò ní gbọ́ wọn mọ́, ẹ ó tún gbọ́ wọn, kí ẹ tó fojú kàn wọ́n.

Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ o. Òun ló ń jẹ́ kí ooru omi tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde funfun bí òwú, òun náà ló ń pa bátìrì kámẹ́rà. Abẹ́ apá ni mo ń kó tèmi sí. Lọ́jọ́ kan mo sá wọ ilé oúnjẹ pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, ìrì bo dígí rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì méjì gba orí afárá Simingyi kọjá. Etí ẹ̀wù ni mo fi ń nu dígí.

Fíìmù 20, àwòrán bí 700. Mo kó wọn síwájú bàbá mi, àwọn tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́tta. Wọn ò yin èéfín, wọn ò yin yìnyín. Wọ́n ní, "Ta ló ń da èédú sí i?"

Mo ní ẹ̀rọ ló ń gbé e wọ inú iná.

"Ẹ̀rọ wo ló mọ igun tí iná ti ń kú?"

A wá ẹni tó ń da èédú nínú àwọn àwòrán náà títí. Ẹyọ kan la rí: ẹ̀yìn ọkùnrin kan, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì orí rẹ̀ kò sí nínú àwòrán. Ìyẹn ni bàbá ní kí n tẹ̀ ní ńlá, ó ti wà ní pálọ̀ wọn.

Oṣù Kejìlá yìí ni ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ́ẹ̀lì gba gbogbo iṣẹ́ náà ní Jitong. Bàbá tún pè mí lánàá, wọ́n ní ṣé mo ti mọ orúkọ ọkùnrin yẹn.