Bàbá ọmọ l'Ékòó, bàbá ọmọ ní Stockholm

Àwọn èèyàn wa níbí ní Swídìn fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ pé ọkùnrin òyìnbó mọ ọmọ tọ́jú jù wá lọ. Irọ́ ni jàre. Mo ti gbọ́mọ jó l'Ékòó, mo tún ń gbọ́mọ jó ní Stockholm báyìí, ohun tí mo rí ni pé òfin ló gbé ọmọ lé àwọn tibí lọ́wọ́.

Ọjọ́ 480 ni òbí méjèèjì ní lórí ọmọ kan ní Swídìn láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tọ́jú ọmọ, tówó á sì máa wọlé, 390 nínú ẹ̀ jẹ́ bíi 80% owó oṣù ẹ, àmọ́ ó níbi tó lè ga dé. Nínú gbogbo ẹ̀, 90 jẹ́ ti bàbá nìkan, ìyá náà ní tiẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnì kejì lo tiẹ̀, tí bàbá ò bá gbà á, ó ti gbé nìyẹn. Ní 1974 tí ètò yìí bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya lè pín in bó ṣe wù wọ́n, kí lẹ rò pé àwọn bàbá ṣe? Wọ́n kó tiwọn fún ìyàwó, wọ́n gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìjọba tiẹ̀ gbé fọ́tò Lennart Dahlgren, géńdé tó máa ń gbé irin, sára pósítà, ó gbọ́mọ dání, kó lè yé àwọn ọkùnrin pé kò sí ìtìjú níbẹ̀, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ò dá wọn lóhùn. Ìgbà tí wọ́n ya oṣù kan sọ́tọ̀ fún bàbá ní 1995, tó di méjì ní 2002, mẹ́ta ní 2016, lojú wọn là.

Ní báyìí, aago mẹ́wàá àárọ̀ Tuesday, wàá rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Tára ọmọ bá gbóná, mo kàn máa ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé mi ò ní lè wá, á ní kí n bá òun kí ọmọ, ìjọba á san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ọjọ́ yẹn. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “ìyá ọmọ ńkọ́?”

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ 12, kò dárúkọ bàbá rárá. Ìjọba Èkó fún òṣìṣẹ́ tiẹ̀ ní ọjọ́ 10 ní 2014, ìjọba àpapọ̀ gbé ọjọ́ 14 kalẹ̀ ní 2022, ìyẹn fún òṣìṣẹ́ ìjọba o, ti aládàáni, bó bá ṣe wu ọ̀gá ni. Ẹni tó ń wa dánfó ńkọ́? Ẹni tó ń jáde n'Íkòròdú kílẹ̀ tó mọ́, tọ́mọ ti sùn kó tó wọlé, ìgbà wo ló fẹ́ ṣe bàbá? Tó bá tún wá ráyè, wọn ò ní jẹ́ kó ṣe é. Mo gbọ́mọ láti pààrọ̀ pámpáàsì, ìyá ilé kejì já a gbà, “ẹ gbé e wá, bàbá, ẹ lọ sinmi,” ọ̀wọ̀ ló kà á sí. Tí ìyá ìyàwó bá wá wẹ ọmọ, ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí. Tó o bá pọnmọ jáde, wọ́n á ní ìyàwó ti fún ẹ ní nǹkan jẹ.

Àmọ́ mo ṣàárò àwọn ìyá yẹn ní December, tí ilẹ̀ ń ṣú ní aago mẹ́ta ọ̀sán, tó jẹ́ èmi àtọmọ tó ń ké la jọ wà nílé, kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn wá gbà á. Láti July 2024, òbí kan lè fi ọjọ́ 45 lára tiẹ̀ fún ẹlòmíì, títí kan ìyá àgbà, àfi kí ìyá àgbà yẹn ti wà nínú ètò ìjọba Swídìn tó ń san owó yìí, màmá mi tó wà n'Íbàdàn ò kúkú sí nínú ìwé wọn.

Tó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní ní kí Nàìjíríà gbé ọjọ́ 480 wá, owó dà? Kí wọ́n ṣáà kọ ọjọ́ 14 yẹn sínú òfin iṣẹ́ kó kan aládàáni náà. Ti ìyá ìyàwó ò sí lọ́wọ́ ìjọba ṣá, oníkálukú ni kó lọ bá tiẹ̀ sọ ọ́.